Fáìlì Mẹ́fà Tó Tì Pa

Bàbá Àgádágodo ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí ohun tí kì í tì. Dúrọ́ọ̀ tí kò ju bírò méjì lọ nínú rẹ̀, á tì í, á tún fà á wò. Òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ka ìwé sórí ẹ̀rọ fún àwọn tí kò ríran. Ibẹ̀ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń kàwé sórí ẹ̀rọ kó tó kú níbi ìbímọ. Ọmọbìnrin tó bí máa tó pé ọdún méje, kò sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ rí.

Fáìlì mẹ́fà péré ni ohùn náà kù sí, nínú fódà àjùmọ̀lò: ìwé kan tí obìnrin náà ò kà parí, tó ṣì í kà, tó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò ṣe ẹ̀dà wọn síbòmíràn. Ẹni tó ń ti dúrọ́ọ̀ òfìfo, kí ló fẹ́ fi ẹ̀dà ṣe? Lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó ń lo Wíńdòsì, ó sọ wọ́n di kíkà nìkan, kẹ́nikẹ́ni má lè yí wọn padà, ó dán an wò láti pa wọ́n rẹ́, ẹ̀rọ kọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ṣèlérí fọ́mọ pé lọ́jọ́ tó bá pé méje, àwọn méjèèjì á lọ gbọ́ ọ.

Àmọ́ Yúníkísì, ètò mìíràn tó yàtọ̀ sí Wíńdòsì, ni ẹ̀rọ ńlá tí fódà náà wà lórí rẹ̀ ń lò, Yúníkísì náà ni òṣìṣẹ́ kan tó ń to ohùn àwọn tó ń kàwé pọ̀ ń lò. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí wọ́n bá fẹ́ yọ fáìlì, àṣẹ fódà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ti fáìlì. Fódà yẹn sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, torí ibẹ̀ ni kálukú ń kó iṣẹ́ sí. Bàbá ti àpótí pa, ó fi ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ gbayawu.

Ẹni tó ń to ohùn pọ̀ kì í ṣèèyàn burúkú. Àyè ló ń wá lórí ẹ̀rọ, ó rí iṣẹ́ àìparí ọdún méje sẹ́yìn, ó pa á rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé tìyàwó yín ni," ló wí. "Ẹ̀rọ ò tiẹ̀ bi mí léèrè."

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bàbá fi ọjọ́ mẹ́ta wá a, kò rí nǹkan kan. Ó dùn ún ju ọjọ́ ìsìnkú lọ, torí lọ́jọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó lè sọ pé Bàbá ló fà á.

Ọmọ pé méje. Ó ti wọ bàtà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n máa lọ. Bàbá jókòó tì í, ó sọ òtítọ́ fún un.

"Dádì, ẹ̀yin ẹ ti gbọ́ ohùn Mọ́mì rí," lọmọ náà wí. "Ẹ ṣe bí wọ́n ṣe máa ń pè yín."

Bàbá la ẹnu.

"Olówó orí mi."

Ohùn ọkùnrin ló jáde. Ó tún un pè, ó gbé e sókè tín-ín-rín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.