Hòtẹ́ẹ̀lì Olómi Gbígbóná tí Sàúdátù Ò Fọkàn Tán

Ọjọ́ tí ọmọ Sàúdátù sọ fún un pé òun fẹ́ mú un lọ sí Jàpáánì, ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta ló kú níbẹ̀?"

Kì í ṣe àwàdà o. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tó ti dé New York, kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú tàbí ti ìgbéyàwó. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Òun àti ọkọ rẹ̀, Ìbráhìm tó ń wa táksì, ló ń gbé òkè ilé tí èmi náà ń gbé ní Canarsie, àdúgbò kan ní New York, èmi wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe: à ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Àwa là ń wẹ̀ wọ́n, àwa là ń gbé wọn dìde, àwa là ń gbé wọn sùn. Iṣẹ́ yẹn ló ba ẹ̀yìn Sàúdátù jẹ́. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn, n óò máa gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, "Yéè, Ọlọ́run mi," bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rẹ́ mi yìí kì í gba nǹkan gbọ́ wẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá fún wa ní ìpara ọ̀fẹ́ ní ọ́fíìsì, á yí ike rẹ̀ lábẹ́, á wo déètì, á gbóòórùn rẹ̀, á wá gbé e fún mi pé kí èmi kọ́kọ́ fi para. Tí aládùúgbò bá kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, á ní, "Ìyá Démi, kí lẹni yẹn ń wá?"

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni Zulaykha. Apòògùn ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò tíì lọ́kọ. Ọkùnrin kan ti wà nígbà kan, Túbọ̀sún, ọmọ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n Sàúdátù lé e. Ó ní ọmọbìnrin kì í bá ọkùnrin rìn káàkiri kó tó délé ọkọ. Ìṣojú mi ló ti sọ fún ọmọ náà pé, "Èmi tó ò ń wò yìí, bàbá ẹ ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tó yà sọ́dọ̀ mi. Mi ò wo ẹlòmíràn rí." Zulaykha gbọ́ ti ìyá rẹ̀. Kí ọdún tó yípo, Túbọ̀sún ti gbé ọmọbìnrin kan ládùúgbò Mariners Harbor níyàwó.

Ó dáa. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Zulaykha gbé kọ̀ǹpútà wá sí kíṣìnnì ìyá rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi àti Sàúdátù jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti yan hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, irú ti àtijọ́ tó jẹ́ ti àwọn ará Jàpáánì, kí ìyá rẹ̀ mú èyí tó bá wù ú. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n máa lò níbẹ̀.

"Màmi, ẹ wo èyí. Àárín òkè ló wà. Omi gbígbóná ló ń sun látinú ilẹ̀, tí ẹ bá ti jókòó sínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn tó ń ro yín á rọ̀."

"Ta ló ń dáná sí i?"

"Kò sẹ́ni tó ń dáná sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló gbóná."

"Ilẹ̀ gbóná, wọ́n wá kọ́lé lé e lórí." Ó yíjú sí mi. "Ìyá Démi, ṣé o gbọ́? Bẹ́ẹ̀dì wọn dà?"

"Wọn kì í lo bẹ́ẹ̀dì, Màmi. Ẹní ló wà nílẹ̀, wọ́n á wá tẹ́ fóòmù lé e."

"Kí n kúrò lórí ẹní l'Ábẹ́òkúta, kí n wá fi wákàtí mẹ́rìnlá fò lójú òfuurufú, kí n lọ sun orí ẹní!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù. Zulaykha náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìkejì. Ìyẹn lẹ́wà, àmọ́ ọtí wà nínú omi ọbẹ̀ wọn, wọn ò sì lè yọ ọ́. Sàúdátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Kí n máa fi ṣíbí mutí."

Ìkẹta ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Zulaykha ní àwọn obìnrin máa ń wẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ni, wọn kì í sì í wọ aṣọ wọnú omi. Ojú ìyá rẹ̀ yí padà. Ọmọ yẹn ò rí i, fọ́ọ̀mù ló ń kà lọ.

"Wọ́n tún ń bèèrè pé ṣé ẹ ní fínfín kankan lára."

Ọwọ́ Sàúdátù dúró nínú abọ́ ẹ̀wà. "Ta ló ní kí wọ́n bèèrè?"

"Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń bi. Àwọn ọ̀daràn ibẹ̀ ló máa ń fín ara, torí ẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ kí ẹni tó fín ara bá àwọn tó kù wọnú omi."

"Kò sí. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí." Ó yára sọ ọ́ jù. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ irú ìwò yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n.

Torí pé èmi mọ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, arúgbó kan fà á lulẹ̀, èjìká rẹ̀ yẹ̀, èmi ni mo ń bá a fi róòbù ra á. Lókè ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ni mo ti rí i, lẹ́tà dúdú gbàǹgbà-gbàǹgbà: ÀJÀLÁ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n fín in. Àjàlá ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kọ́lékọ́lé ni, àwọn ọmọge ìgbà yẹn sì máa ń fín orúkọ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ sápá. Òkè ìgbọ̀nwọ́ ló ní kí wọ́n fín in sí, níbi tí omi àlùwàlá kì í dé, kí bàbá rẹ̀ má bàa rí i tó bá ká apá aṣọ láti ṣe àlùwàlá. Àjàlá lọ sí Kútọnu, ó gbé ìyàwó ibẹ̀ bọ̀. Ìbráhìm mọ̀ kó tó fẹ́ ẹ. Ó ní ṣé orúkọ náà máa bá òun du oúnjẹ ni. Zulaykha nìkan ni kò mọ̀. Aṣọ alápá gígùn tí ìyá rẹ̀ ń wọ̀ nínú ooru, ẹ̀sìn ló rò pé ó fà á.

Bí ọmọ yẹn ṣe lọ tán ni Sàúdátù sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Kò pè mí ní Ìyá Démi.

"Adétóun, kí lo sọ fún ọmọ mi?"

"Èmi? Kí ni mo sọ?"

"Jàpáánì jìnnà tó báyìí, ta ló sọ fún wọn pé mo ní nǹkan lápá?"

Mo rò pé ó ń ṣeré, mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín o. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi kí mi. Ó fóònù àbúrò rẹ̀, Rashidat, l'Ábẹ́òkúta, ó bi í léèrè ẹni tó ń bá Zulaykha sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn, ó ti di ẹ̀tàn lójú rẹ̀, ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ aṣọ lára òun.

Lọ́jọ́ karùn-ún ló jókòó sórí àga mi, ó ní òun ò lọ mọ́.

Mo ní, "Tó ò bá lọ, ọmọ ẹ á bi ẹ́ ìdí. Tó o bá lọ, á rí i. Ṣebí kó o kúkú sọ fún un?"

"Kí n wí pé kí ni? Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe fún Túbọ̀sún? Kó wá máa wò mí bí onírọ́?"

 Òótọ́ ló sọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Zulaykha tún dé sí kíṣìnnì ìyá rẹ̀, ó bá mi níbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti rí hòtẹ́ẹ̀lì ìkẹrin. Ilé kékeré kan ni, lẹ́bàá odò, ọpọ́n ìwẹ̀ onípákó tí omi gbígbóná ń sun sí wà lẹ́yìn yàrá kọ̀ọ̀kan. "Kò sí àlejò kankan níbẹ̀, Màmi. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la jọ máa wà nínú omi."

Ẹ wo ọmọ yìí. Ó rò pé òun ti yanjú ọ̀rọ̀.

Sàúdátù fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó wo àwòrán ọpọ́n ìwẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ rẹ̀, ó kọjá ìgbọ̀nwọ́, ó dé òkè.

Zulaykha kà á. "Ta ni Àjàlá?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Mo dìde pé kí n máa lọ, ó fa ìró mi, ó ní, "Jókòó síbẹ̀." Zulaykha pa kọ̀ǹpútà dé.

"Ẹ sọ fún mi pé Dádì ni àkọ́kọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Túbọ̀sún dúró sẹ́nu ọ̀nà mi nínú òtútù, Màmi. Ó ń tẹ agogo, mi ò ṣílẹ̀kùn, torí ohun tẹ́ ẹ sọ."

"Mo mọ̀. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ló bà mí, mo rò pé ohun tójú mi rí lojú tìẹ náà á rí." Ó gbé ohùn sílẹ̀. "Zulaykha, má bínú."

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti mọ obìnrin yìí. Mi ò gbọ́ ọ kó bẹ ẹnikẹ́ni rí, àní àwọn ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì.

Ọmọ yẹn sunkún, kò pariwo. Ó lọ fọ ojú níbi ẹ̀rọ omi, ó dúró síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó tó ìgbà tí omi tíì tí mo gbé kaná hó tán. Ó padà wá, ó ṣí kọ̀ǹpútà.

"Mi ò tíì dárí jì yín o."

"Mo gbọ́."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń ro yín." Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. "Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé màmá mi ní fínfín kan. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n máa sọ."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì ti dé. Wọ́n ní kò sí ohun tó burú, ọpọ́n ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn yàrá jẹ́ ti Màmá àti ọmọ rẹ̀ nìkan, àwọn ò sì ní fi ọtí sínú ọbẹ̀, àwọn ń retí Màmá tayọ̀tayọ̀. Zulaykha kà á sókè fún wa. Sàúdátù fa ojú ro.

"Ìwà wọn ti dára jù nínú lẹ́tà yìí. Kí ni wọ́n ń wá?"

Zulaykha kúkú gba yàrá náà.

Oṣù kẹwàá ni wọ́n ń lọ. Ọmọ yẹn ṣì ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn ní ṣókí, kò sì bá a jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ lánàá, mo ń fọṣọ nísàlẹ̀, mo gbọ́ wọn lókè. Zulaykha ló sọ̀rọ̀.

"Màmi, Àjàlá yìí, ṣé ó dùn ún wò?"

 Mo gbọ́ ohùn Sàúdátù.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"