Bẹ́ńṣì Tí Àwọn Oníbàárà Mi Ń Gùn

Ariwo alùpùpù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo dé Tàmálè, ìlú ọkọ mi nílẹ̀ òkèèrè, ariwo náà kò sì tíì dákẹ́ títí di òní. Mo rántí pé ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ mi mú mi wọ agboolé ẹbí rẹ̀ ní àdúgbò Zogbeli, oorun ọ̀sán ò ṣeé sùn fún mi. Ọ̀kan lọ, òmíràn bọ̀, obìnrin ló sì ń gun èyí tó pọ̀ jù, ìborùn wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Mo ń rí wọn lójoojúmọ́ o! Àmọ́ àlejò lójú, kò fi ríran. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, níbi tí obìnrin ti ń jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, tí á kó ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá mi ti fi yé mi pé kò sóbìnrin tí kò fẹ́ kí aṣọ fún òun pinpin láti ìdí dé orúnkún. Ìmọ̀ tí mo gbé wá nìyẹn, tí mo ń yan bíi pé gbogbo ìlú ti ń retí mi.

Ọkọ mi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan fún mi ní àdúgbò Lamashegu. Àdéhùn wa ni pé bí iṣẹ́ kò bá yá títí ìtúnu ààwẹ̀ á fi dé, n ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, n ó jókòó sílé. Ìyá mi ló ra ẹ̀rọ yẹn fún mi lọ́jọ́ tí mo gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí mo bá ti ronú kan àtitá rẹ̀, omi á lé ròrò sójú mi. Àwọn oníbàárà ń wá o. Wọ́n á wọ aṣọ wò, wọ́n á yí síwá yí sẹ́yìn níwájú dígí, wọ́n á ní “Ya yi kyau,” ìyẹn ni pé ó dára lédè Haúsá, wọ́n á dúpẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, n kì í sì í rí wọn mọ́. Mo ní ayé ló ń ṣe mí. Mo tiẹ̀ bi ọkọ mi bóyá kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń bínú sí mi.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá ọkọ mi, ló máa ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tàmálè ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì dàgbà síbẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ilẹ̀kùn, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà wọn, èmi á sì rò pé wọ́n ń tòògbé.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan láti àdúgbò Jisonayili wá gba aṣọ tí ó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ó wọ̀ ọ́, ó ní ó dára, ó dúpẹ́, ó wọ̀ ọ́ jáde. Mo ń gbá ilẹ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà ké sí mi.

“Ìyàwó, jáde wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ.”

Agbẹ̀bí náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti gun alùpùpù rẹ̀, ẹsẹ̀ ò kọjá. Ó fa aṣọ sókè díẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú tì í, ó fà á wálẹ̀. Ló bá di alùpùpù mú, ó ń tì í lọ nínú oòrùn.

“Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn,” ni Ìyá Àgbà wí. “Kaì! Dígí nìwọ ń wò. Títì lèmi ń wò.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi, Ìyá?”

“O bi mí ni? O bi àwọn náà pé báwo ni wọ́n ṣe ń délé? Ará ibí ò ní sọ sí ẹ lójú pé iṣẹ́ ẹ ò dáa. Á kàn dúpẹ́, á lọ ni. Sáré pè é padà!”

Mo sáré, bàtà kan já sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Kí a tó dé, Ìyá Àgbà ti wọ́ bẹ́ńṣì wọn wọlé. Wọ́n ní kí agbẹ̀bí gùn ún bí ẹni gun alùpùpù, kí èmi kúnlẹ̀, kí n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí aṣọ ti há. Ẹ̀rín pa wá. Mo tú ẹ̀yìn aṣọ náà, mo fi aṣọ kún un, mo ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po kí ó lè là bí ó bá gbẹ́sẹ̀, agbẹ̀bí sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ fẹ̀ẹ̀! Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wọ aṣọ wò lọ́dọ̀ mi tí kò gun bẹ́ńṣì, kí ìtúnu ààwẹ̀ sì tó dé, mo ti ń bẹ àwọn kan pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Ẹ̀rọ ìyá mi kò kúrò nílẹ̀.

Ìyá Àgbà ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ ènìyàn wò tó wọn. Ọmọbìnrin mi ló ń gun bẹ́ńṣì náà ṣeré nísinsìnyí, ó sì bi mí láìpẹ́ yìí pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí a sọ ọ́ nù. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí ìrọbí ká mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ibi ìsọmọlórúkọ kan ni agbẹ̀bí wà nígbà tí a pè é, aṣọ tí a tún ṣe lórí bẹ́ńṣì yìí ló sì wọ̀ tó fi gun alùpùpù wá bá wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ráyè fọwọ́ tí orí ọmọ fi yọ. Mo ní, ká ní bí mo ṣe kọ́kọ́ rán aṣọ náà ló ṣe wà ni, ìwọ á ti máa ké lórí ilẹ̀ níbí, òun á ṣì máa ti alùpùpù bọ̀ lọ́nà.