Báábà Tó Fá Orí Akọ̀wé Àgbà Ku Ìdajì

Bí wọ́n bá dárúkọ Báábà ládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ orí akọ̀wé àgbà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Akọ̀wé àgbà yìí ni olórí ọ́fíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di àlùfáà ìjọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù Báábà, ó jókòó, ó ní kó fá orí òun kodoro, torí pé òun ní ìpàdé pàtàkì lọ́sàn-án. Báábà fi aṣọ funfun bò ó lọ́rùn, ó tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì.

Nígbà tó fá a dé àárín orí, ó ní, "Ọ̀gá, ta ló buwọ́ lu lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Lẹ́tà wo?"

"Èyí tó ní ẹ ò lè gbà mí sílé ẹ̀kọ́ yín torí pé mi ò ní dìgírì."

"Èmi ni. Ẹ má bínú, òfin ni. Ẹni tí kò bá jáde yunifásítì, a kì í gbà á."

Báábà pa ẹ̀rọ. Ó tú aṣọ funfun lọ́rùn ọkùnrin náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó ká a. "Mo ti fá ìwọ̀n tí ìwé mi mọ," ló wí. "Apá ọ̀tún yẹn, ẹ wá ẹni tó ní dìgírì kó bá yín fá a."

Akọ̀wé àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Báábà ti jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta mìíràn ní òpópónà yẹn, àmọ́ ọwọ́ Báábà ni gbogbo àwọn tó ni ín ti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ní àwọn ò lè fọwọ́ kan orí tí ọ̀gá àwọn bá pa tì. Bó ṣe dé fìlà lọ sípàdé nìyẹn. Olórí ìjọ dìde láti fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé aláwàdà ni Báábà. Rárá o. Inú ló ń bí i. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí inú ti ń bí i nígbà yẹn, ó sì nídìí.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á lọ gé irun àwọn aláìsàn tí kò lè dìde. Bó bá gé e tán, á gbàdúrà fún ẹni tó bá fẹ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀, ọlọ́mọ méjì, tí gbogbo irun orí rẹ̀ ti re dànù. Kò sí ohun tí Báábà lè gé fún un, àmọ́ á jókòó tì í. Lọ́jọ́ Àìkú kan, obìnrin náà ní òun fẹ́ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kóun tó kú. Báábà ò lè fún un. Àlùfáà tí wọ́n ti gbọ́wọ́ lé lórí nìkan ló láṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ wọn. Ó pe àlùfáà. Àlùfáà ní òun wà nípàdé. Ó tún pè é lọ́jọ́ Ajé, ìpàdé ò tíì parí. Ó pè é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní ó ń sinmi, ìpàdé ti mú kó rẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà kú lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n ń sin ín, àlùfáà kan náà ló wàásù, orí ọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn rere ló sì gbé e kà. Báábà dìde láàárín ìwàásù, ó jáde wọ́ọ́rọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, sọ pé ọjọ́ yẹn lẹ̀rù ba òun, torí pé òun ò rí i kó bínú láìpariwo rí.

Láti ìgbà náà ló ti ń kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. "Bí kò bá sẹ́ni tó máa lọ, èmi á lọ," ló máa ń wí. Ilé ìwé girama ló kàwé dé. Ìgbà mẹ́rin ló kọ̀wé, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fún un ní èsì kan náà, wọ́n kàn ń ṣi orúkọ rẹ̀ kọ lọ́nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orí yẹn, ìyàwó rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ lọ parí orí ọkùnrin yẹn."

"Mi ò lọ."

"Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí ẹ bá wá fi èèyàn sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, kí lẹ fi sàn ju ẹni tó wà nípàdé?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó gba ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà lọ.

Níbi tó ti ń dúró, obìnrin tó ń bá wọn tẹ̀wé rọra ti ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́ náà sí i lábẹ́ tábìlì. "Ẹ ka ojú ewé kejìlélógún, sà. Kì í ṣe èmi ni mo fún yín o." Báábà kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún, tó sì ti sin ìjọ fún ọdún mẹ́wàá, lè ṣe ìdánwò kó sì wọlé, bí kò tilẹ̀ ní dìgírì. Òfin náà ti wà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó wọlé tọ akọ̀wé àgbà.

"Ẹ mọ̀ nípa òfin yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò béèrè."

Títí dòní, bí mo bá rántí èsì yẹn, ara mi máa ń gbóná. Ọdún mẹ́fà. Ẹ wo iye aláìsàn tó kú láìrí àlùfáà láàárín ọdún mẹ́fà, nígbà tí ìdáhùn wà nínú dúrọ́ọ̀ ọkùnrin tí kò fẹ́ ṣí i.  Báábà yọ abẹ nínú àpò, ó nù ún, ó ní, "Ẹ jókòó dáadáa, kí n parí orí yín." Akọ̀wé àgbà wo abẹ, ó wo ojú Báábà, ó sì kọ ọjọ́ ìdánwò sínú ìwé kó tó jókòó.

Ó yege, ó wọlé, ó sì bá gbogbo wọn jà níbẹ̀. Olùkọ́ ìwàásù ní ìwàásù gbọ́dọ̀ ní kókó mẹ́ta. Báábà nawọ́. "Tíṣà, àwọn tí mò ń lọ bá ò ní ẹ̀mí tó máa gbé kókó mẹ́ta. Ẹ kọ́ mi ní ẹyọ kan." Olùkọ́ fún un ní máàkì mọ́kàndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún kejì, olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ti ń wàásù kókó kan.

Èdè Gíríìkì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó lẹ ábídí Gíríìkì mọ́ dígí ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní gé irun ẹni tí kò bá kà á tán. Ìgbà tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ìwé ìdánwò wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń mí gúlegúle. Bíríkìlà kan tó wà lórí àga wo ìbéèrè àkọ́kọ́, ó sì dáhùn rẹ̀ láìkólòlò. Báábà gbé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́, ó ní kó wá máa gérun, kí òun lọ máa to bíríkì.

Gíríìkì yẹn ló sọ ọdún mẹ́rin di márùn-ún. Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Báábà wò ó. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé, "Kò ní dìgírì." Ojú gbogbo èèyàn ló ti dá a padà.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ̀yin ò bí ìbejì. Ṣé wọ́n kọ ìyẹn sínú ìwé ẹ̀rí yín?"

Ọwọ́ òfo ló bá lọ sílé. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń padà lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn, títí wọ́n fi tẹ òmíràn fún un. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ láìní dìgírì ò rí yíǹkì pupa mọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ ẹni tó bá wọn pa á rẹ́.

Wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n bi í pé ìjọ wo ló fẹ́, ó ní ilé ìwòsàn. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀, ìbínú rẹ̀ ò sì fi ọjọ́ kan sinmi. Dókítà kan dúró ti ibùsùn ìyá àgbàlagbà kan, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àìsàn ìyá náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Báábà fọwọ́ kàn án léjìká. "Ìyá tí ẹ ń sọ nípa ẹ̀ rèé. Ẹ kí wọn ná."

Àlùfáà tó máa ń wà nípàdé náà ṣàìsàn níkẹyìn, ó ní kí wọ́n bá òun pe Báábà. Ọ̀dọ̀ olórí ìjọ ni Báábà wà nígbà tí wọ́n pè é, nínú ìpàdé. Ó dìde kúrò níbẹ̀ láìtọrọ àyè. Nígbà tó dé, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì nítorí obìnrin ọlọ́mọ méjì yẹn. Báábà dá a dúró. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà," ó ní. "Tó bá yá, màá bínú." Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Kò rántí bínú.

Ọkàn Báábà ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ó kú ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Ohun kan tí àwọn ará ìta ò mọ̀ ni bó ṣe máa ń gbàdúrà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á dúró sí pálọ̀, á máa bá Ọlọ́run ṣe aáwọ̀ ní ohùn rara. "Ẹni tó wà ní ibùsùn keje, Olúwa, kí lẹ ń dúró dè? Ọmọ mẹ́ta ló ní. Mo sọ ọ́ lánàá." Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti ti Báábà níyà, á máa gbá ògiri gbàgbàgbà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi bára wọn jà lórí ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, tíṣà yìí kan ilẹ̀kùn. "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ò gbàdúrà mọ́ ni?"

"Mò ń gbà á, sà. Inú ni mo ti ń gbà á."

"Ilé ti dákẹ́ jù. Mi ò tiẹ̀ mọ̀gbà tílẹ̀ ń mọ́ mọ́."

Nígbà tílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìbejì dúró sí pálọ̀. Kò mọ bí wọ́n ti ń bá Ọlọ́run jà. Ó fi ohùn tín-ín-rín dárúkọ àwọn tó wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí Ọlọ́run jọ̀wọ́ má gbàgbé wọn.

Ògiri dún gbàgbàgbà.

"Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, Ìyá Ìbejì," tíṣà ní láti ọ̀hún. "A ò gbọ́."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó sì gbóhùn sókè.