Àmín Tí Ìyá Mi Bá Mi Ṣe

Òórùn méjì ni mo fi ń rántí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá títì Ẹgbẹ́dá nígbà náà: òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀, àti ti àkàrà tí obìnrin kan ń dín lẹ́nu géètì. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ẹ̀yìn ilé, oògùn ló máa ń borí. Bó bá fẹ́ láti iwájú, ebi á tún wá máa pa èèyàn lórí àìsàn ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ni mo gbé lọ síbẹ̀. Èémí rẹ̀ kò délẹ̀. Ìwọ tí o mọ̀ mí láti ilé ẹ̀kọ́ girama, tí o mọ bí mo ṣe máa ń padà lọ wò bóyá mo ti ilẹ̀kùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tì, fojú inú wo irú ìyá tí mo dà. Bí mo ṣe ń wọn aṣọ oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù mi l'Ólódò ni mo ṣe ń wọn oògùn ọmọ sínú ṣíbí. Àdúrà ni mo sì máa ń fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà kì í lọ ra iyọ̀ lójúde kí n má kọ́kọ́ ka nǹkan lé e lórí.

Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi ìbòmú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bo ọmọ nímú, ó ní kí n dì í mú, kí n máa wo àyà rẹ̀. Mo ń wò ó. Lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ìyá kan jókòó ti ọmọkùnrin tirẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, kò sinmi. Nígbà tó yá, ó bi mí ní orúkọ ọmọ mi kó lè fi í kún àdúrà rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé láti àárọ̀, èmi fúnra mi kò tíì gbàdúrà kankan. Gbogbo ọkàn mi ló wà lára àyà ọmọ yẹn, bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, èémí ọmọ tèmi ti délẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ kú.

Ìyá mi ti dé láti abúlé nígbà náà. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní, "Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa." Obìnrin yẹn ń wé gèlè rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán wa nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Àdúrà wo? Èmi kò gbà á. Obìnrin yẹn ló gbà á, ó tiẹ̀ fi tèmi kún un lọ́jọ́ tó burú jù láyé rẹ̀. Títí di òní, mo ń dúpẹ́ ohun tó ṣe fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Àwọn èèyàn rò pé ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ ń bínú sí i ni. Èmi ò bínú. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wá nǹkan nínú yàrá, tó yẹ abẹ́ ibùsùn wò, tó tú àpótí, tó sì wá mọ̀ níkẹyìn pé nǹkan náà kò sí níbẹ̀. A ò ní máa bá yàrá jà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ra àgbò, a sì lọ ṣe sàráà ìdúpẹ́ lábúlé. Àlùfáà wúre, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n dú ẹran náà. Ojú mi lọ sí àyà rẹ̀. Ó lọ sókè, ó bọ̀ nílẹ̀, ó tún lọ sókè, kò sì bọ̀ bó ṣe yẹ kó bọ̀ mọ́. Mi ò lè gbójú kúrò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá mi kọ́kọ́ bù fún mi, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò lè gbé e mì. Wọ́n ní àárẹ̀ ilé ìwòsàn ni. Àárẹ̀ náà kò lọ mọ́. Lẹ́yìn ẹran, ẹja tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹyin. Wàrà ló pẹ́ jù, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, títí di ọjọ́ tí mo yà ní gáà Fúlàní kan lọ́nà Móníyà láti rà á, tí mo rí i tí wọ́n so ọmọ màlúù mọ́lẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ kí wọ́n lè rí wàrà fún. Ìyá ń wo ọmọ, ọmọ ń wo ìyá. Mo dá abọ́ mi padà sínú àpò.

Ọ̀rọ̀ ẹran kò le nílé wa. Ọkọ mi, tó ń kírun títí di òní, ní Ọlọ́run ti fi ìpín tèmi kún tòun, kí n má ṣe yí ọkàn padà. Ìyá mi ló gbà á bí ìjà. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wá fún mi, wọ́n búra pé kò sí ẹran nínú rẹ̀. Mo fi ṣíbí gbé pọ̀nmọ́ sókè.

"Pọ̀nmọ́ nìyẹn. Awọ ni, kì í ṣe ẹran."

"Edé ńkọ́, Màámi?"

"Edé? Ta ló ń pe edé ní ẹran? Ṣé ó lójú ni?"

Mo mú ọ̀kan fún wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú wọn, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, olú àti irú ni wọ́n fi ń se tèmi, nínú ìkòkò ọ̀tọ̀.

Àmín ló dá wàhálà sílẹ̀. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kúrò nílé ìyá rẹ̀ láìgba àdúrà, èèyàn a sì máa ṣe àmín tẹ̀ lé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Èmi kì í lè sọ ohun tí mi ò gbà, pàápàá lójú ọmọ mi. Mo wá ń sọ pé, "Ẹ ṣé, Màámi." Wọ́n fura, wọ́n bi mí, mo sì sọ òtítọ́ fún wọn. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní àdúrà tí kò ní àmín, ojú ọ̀nà ló máa ń sùn. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ máa lọ, "Ó dàbọ̀" lásán ni wọ́n ń sọ fún mi. Wọ́n á gbàdúrà fún ọmọ mi, wọ́n á fò mí. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ti pàdánù Ọlọ́run láìsunkún, ṣùgbọ́n mo ń sunkún nínú ọkọ̀ láti abúlé dé Olódò nítorí ìyá mi.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọdún tí ọmọ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọkọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. A wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi, mò ń tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un: má jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, má sọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, bí o bá fẹ́ sọdá, wo ọ̀tún, wo òsì, kí o tún ọ̀tún wò. Ọmọ ní òun ti gbọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gúsí ni ìyá mi ń bó. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ń gbàdúrà," ni wọ́n wí. "Tìẹ tiẹ̀ gùn ju tèmi lọ. Ọmọ rẹ ò sì ṣe àmín."

Nígbà tí a gbé àpò wa, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n gbé e lé mi lórí, èmi, kì í ṣe ọmọ. "O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà." Mo ya ẹnu, mi ò tíì mọ ohun tí ẹnu mi fẹ́ sọ, tí wọ́n fi ní, "Àmín." Wọ́n mí díẹ̀, wọ́n tún ní, "Àmín. Ìyẹn ni tìẹ. Mo bá ẹ ṣe é."

Bí a ṣe ń ṣe é látìgbà náà nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, mo máa ń tẹ orí ba, mo sì ń dúró kí wọ́n ṣe méjèèjì tán, bí awakọ̀ tilẹ̀ ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò gbà pé ẹnì kankan ń gbọ́ wọn lókè. Ṣùgbọ́n èmi tó wà nísàlẹ̀ ọwọ́ wọn, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.