Kọ̀ǹténà Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Ìyàwó Alága Sí

Òórùn irin tí oòrùn ti yan gbẹ, tí ọ̀dà tútù àti epo dísẹ́lì dà pọ̀ mọ́, ni mo máa ń rántí kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yáàdì kan ni, lójú ọ̀nà Ekenwan ní Bìní, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹténà akólẹ̀, àwọn àpótí irin ńláńlá tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ sí àdúgbò títí wọn yóò fi kún, kí ọkọ̀ tó ní ìkọ́ lẹ́yìn tó wá fà wọ́n gun ẹ̀yìn rẹ̀, kó gbé wọn lọ. Ilẹ̀ pupa ibẹ̀ ti mu epo yó. Ẹsẹ̀ mi kò dúró sójú kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ń yí àwọn irin náà ká bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò, torí pé ohun tí mo bá lọ síbẹ̀ kì í ṣe irin. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni.

Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ẹsẹ̀ òsì ìyá mi, mo mú wọn kúrò ní Ìjẹ̀bú wá sọ́dọ̀ mi ní Uwasota. Yàrá ìsàlẹ̀ ni mo fún wọn, kí wọ́n má baà máa gun àtẹ̀gùn. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni àwọn ọlọ́mọlanke tó ń bá wa kólẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú gọ́tà wa gan-an, ní kété tí wọ́n bá ti yí kọ́nà tán. Ìwọ náà mọ òjò Bìní, kì í tọrọ ààyè. Gọ́tà dí, omi wá ọ̀nà mìíràn gbà, yàrá ìyá mi ló sì rí. Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ń gbé bàtà wọn kiri nísàlẹ̀, wọ́n ń wò ó. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Bí eléyìí bá tún ṣẹlẹ̀, wàá mú mi padà sílé o." Ta ló wà nílé? Kò sẹ́nìkan. Ilé tí a ti tì pa, tí aládùúgbò tó kù níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bu omi fún òun. Mo sì mọ ìyá mi dáadáa: ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ni wọ́n máa ń ṣe.

Bí mo ṣe di ẹlẹ́bẹ̀, tí mo tún di oníjà ní àdúgbò nìyẹn. Kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé tí n kò ti dìde pé kí a ní kọ̀ǹténà tiwa, kí ọkọ̀ máa wá gbé e, kí ọ̀rọ̀ ọlọ́mọlanke tán nílẹ̀. Wọ́n sọ mí ní Àǹtí Kọ̀mpléènì. Bí mo bá ti ń wọlé, akọ̀wé wa, obìnrin Ẹdó kan tó jẹ́ tíṣà, á ti bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí don come! Who we offend today?" Mo fara dà á. Nígbà tí wọ́n gbà nígbẹ̀yìn, mo mú okùn ìwọ̀n, mo wọn kọ́nà wa, mo wọn fífẹ̀ ọ̀nà, mo tilẹ̀ wo bí apá àwọn obìnrin tó máa ń gbé ilẹ̀ lọ dànù ṣe lè ga tó. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà ní yunifásítì. Nǹkan tí n kò bá tíì wọ̀n, ọkàn mi kì í balẹ̀ lórí rẹ̀.

Mo ti rí èyí tó tọ́ nínú yáàdì náà. Ògiri rẹ̀ kò ga ju àyà obìnrin lọ, ó ní ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọmọrí tó ń ṣí tó ń pa dé. Ọkọ̀ kúkúrú tó ní ìkọ́ lè gbé e, ọkọ̀ náà yóò sì yí ní kọ́nà wa láì fara kan ògiri ẹnikẹ́ni. Mo pe alága wa, tí òun àti akọ̀wé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ díẹ̀ jọ bá mi wá, kó wá wò ó. Ọmọ Èkìtì ni alága, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Dádì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Dádì kò tilẹ̀ bojú wo ibi tí mo nawọ́ sí. Iwájú èyí tó ga jù lọ ló dúró sí, èyí tó rí gìrìwò bí ilé, tí kò ní ọmọrí, tó jẹ́ pé tírélà gígùn nìkan ló lè gbé e.

"Èyí ló kún ojú," ó ní.

"Dádì, ta ni yóò máa da ilẹ̀ síbẹ̀? Ọwọ́ èmi gan-an kò tó etí rẹ̀."

"Wọ́n á máa jù ú ni. Ṣebí wọ́n ń ju òkúta sí máńgòrò, òkúta sì ń débẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan ọlọ́jà tí kò gbọ́ Yorùbá. Mo ní òjò ńkọ́, nígbà tí kò ní ọmọrí? Omi yóò kún un, yóò wúwo ju ohun tí ìkọ́ lè fà lọ. Dádì ní Ọlọ́run ló ni òjò. Kí n tó lanu, ó sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò retí: òun nìkan ni yóò rà á, ẹnikẹ́ni kò ní dáwó, ìrántí ìyàwó òun tó kú ni òun fẹ́ fi ṣe. Akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́. Mo ní ẹ̀bùn kọ́ la bá wá, ohun tí yóò ṣiṣẹ́ la bá wá. Ó fà mí lápá: "Àǹtí, abeg. The man still dey mourn." Sọ fún mi, láàárín àwa Yorùbá, kí ni èèyàn ń fi dáhùn ìyẹn? Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nawọ́ nǹkan sí ọ, ìwọ wá ń sọ pé kò bá ọ mu. Mo sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fetí sí mi.

Gbogbo ohun tí mo sọ ló ṣẹ, mo sì lè tò wọ́n fún ọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Tírélà tó gbé e dé kò lè yí ní kọ́nà. Awakọ̀ sún síwájú, ó sún sẹ́yìn, ó fi ìdí tírélà wó igun ọgbà ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Igun náà ṣì wó sílẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni kò tún un mọ. Ìparí títì, níbi tí ilé kò sí, ni gbogbo wa ti fọwọ́ sí pé kó wà. Kò débẹ̀. Ibi tí agbára tírélà mọ ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí: iwájú ilé mi, lẹ́bàá gọ́tà, lábẹ́ fèrèsé ìyá mi. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Dádì wá gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́.

"Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ó kúkú sún mọ́ ọ. O ò ní rìn jìnnà."

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ ìjọ Dádì wá yà á sí mímọ́. N kò ṣàwàdà. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, àwọn ìyá ìjọ to ìlà níwájú kọ̀ǹténà akólẹ̀. Lára irin aláwọ̀ ewé náà, ẹni tó ń kọ pátákó ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà pé ó wà fún ìrántí ìyá rere, ó sì kọ orúkọ ìyàwó Dádì sábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn tó apá mi.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò da ilẹ̀ sínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí: báàgì lórí báàgì, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìlédìí ọmọ, ike omi, wọ́n tò ó rọra bí ẹni ń to ẹrù ìyàwó, ó sì ń yọ́ bọ́ sínú gọ́tà díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé gíga rẹ̀ ni. Mo gbé àpótí ìjókòó kan síbẹ̀ fún wọn láti gùn. Wọn kò gùn ún. Nígbà tó sú mi, mo lọ bá obìnrin Ẹdó tó ń gbé lódìkejì wa bó ṣe ń gbé báàgì tirẹ̀ kalẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò jù ú sínú?"

Ó wo orúkọ náà, ó wá wò mí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í fi í dáhùn. "Àǹtí, I no fit o. That mama carry my pikin the day I born am. Make I come pour dirty for her head?"

Ìyàwó télọ̀, ọmọ Ọ̀ṣun, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ dà á, ká rí i," ó ní.

Mo gun àpótí, mo ju tèmi sínú rẹ̀ lójú wọn. Kí ni mo rí gbà? Òṣé. "Ẹ ò kúkú mọ̀ wọ́n rí," ìyàwó télọ̀ wí, ó sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ìyá náà ti kú kí n tó kó dé àdúgbò yẹn. Nígbà tí tírélà wá gbé kọ̀ǹténà, awakọ̀ yọjú wo inú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Una no dey chop for this street?" Ó yí padà lọ.

Ojú ọ̀run ń dúdú sí i lójoojúmọ́. Mo fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ga. Ìyá mi wo búlọ́ọ̀kù náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tó dára ká ìró wọn sínú báàgì. Mo sáré lọ sílé Dádì. Mo ní kó pa orúkọ yẹn rẹ́. Ó dìde lórí àga. "O fẹ́ kí n sin ín lẹ́ẹ̀kejì?" Mo padà sílé, n kò lè jókòó, n kò lè jẹun, mo ń rìn láti kíṣínì sí pálọ̀. Ìyá mi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi títí, wọ́n pè mí.

"Lọ bá mi pe bàbá yẹn. Sọ fún un pé èmi ni ì bá wá, mi ò lè rìn ni."

Dádì wá, torí àgbà ló ránṣẹ́. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o," ìyá mi ní. "Mi ò tíì kí yín láti ìgbà tí mo dé. Irú èèyàn wo ni ìyàwó yín?"

Dádì rẹ́rìn-ín, ohun tí n kò rò pé yóò ṣe. "Èèyàn líle ni! Bó bá rí bébà kan lójú títì, á bú ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀ dé ìdílé bàbá rẹ̀. Òun ló máa ń gbá títì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn èèyàn á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí tí mo fi ra nǹkan yẹn nìyẹn."

Ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún mi rí.

"Ká ní ó wà láyé," ìyá mi ní, "tí wọ́n wá gbé nǹkan yìí síbẹ̀, ta ni ì bá kọ́kọ́ da ilẹ̀ sínú rẹ̀?"

Dádì yíjú síta. Ó ń gba ojú fèrèsé wo òkìtì ilẹ̀ náà. "Òun ni," ó ní. "Kò ní jẹ́ kí ẹnìkan ṣáájú òun."

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin ló kù."

Ní àárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó, nígbà tí kálukú wà níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, Dádì gbé apẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ilé rẹ̀ dé. Ó gun àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó etí kọ̀ǹténà. Ó gbìyànjú, apẹ̀rẹ̀ fẹ́ dà lé e lórí, ó wá bojú wẹ̀yìn, èmi ló sì rí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi nígbà yẹn, o ò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Mo lọ dì í níbàdí mú, mo fi ọwọ́ kejì ti apẹ̀rẹ̀ náà sókè.

"Ìyá," ó sọ fún orúkọ náà, "ó ti débẹ̀ o. Má bú mi mọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. "Ó ga jù," ó ní.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní Ekenwan."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

Obìnrin òdìkejì ni ó tẹ̀ lé e. "Mama, abeg, no vex," ó ní kó tó ju báàgì rẹ̀. Ìyàwó télọ̀ kúnlẹ̀ kó tó gun àpótí. Kí oòrùn tó mú, òkìtì ti tán nílẹ̀, a sì ti fi ṣọ́bìrì la gọ́tà. Títí di òní, àwọn èèyàn ṣì ń kí ìyá náà kí wọ́n tó da ilẹ̀. Àlejò tí kò bá kí i, wọ́n á bá a wí.

Òjò náà dé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, a ń gbọ́ bí omi ṣe ń pariwo lọ nínú gọ́tà, tí kò yà sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n bá wọn yọ ìró kan nínú báàgì, kí n kó ìyókù sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Má rò pé ara mi ti balẹ̀ o. Kọ̀ǹténà náà kò tíì ní ọmọrí, ẹ̀fọn ń pa mọ́ inú rẹ̀ lásìkò òjò, tírélà sì tún ti ha ògiri ẹlòmíràn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí n kì í sọ ní ìpàdé. Ẹjọ́ mi tọ́ nígbà náà, ó ṣì tọ́. Àmọ́ fún gbogbo àsìkò tí ẹjọ́ mi fi tọ́ yẹn, kò gbé báàgì ẹyọ kan kúrò nílẹ̀. Ìbéèrè ìyá mi ló gbé e. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá gbé nǹkan tó wọ́ dé iwájú mi báyìí, mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe é. Mo máa ń jókòó, mo máa ń gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń jà.