Ọ̀dà Fàdákà Lára Ìbọn Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí wọ́n ń gbé sí iwájú kẹ̀kẹ́, bàbá mi ló lẹ́nu jù láàárín gbogbo ọdẹ agbègbè Tchaourou wa níbí. Ẹnu yẹn ni mo jogún, ẹ ò lè bá mi du ú. Ilé ìwé tí mo lọ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ara ìbọn, kò sí ọ̀mọ̀wé kan ní Parakou tó máa kọ́ mi. Ẹ fetí sílẹ̀.

Ọ̀tá irin ni omi. Àwọn ọdẹ kan máa ń fi òrí nìkan pa ìbọn wọn. Ó dára, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lo máa pa á, bí ìgbà tí èèyàn ń tọ́jú ọmọ tuntun. Àwọn mìíràn ń fi ọ́ìlì mọ́tò pa tiwọn. Erùpẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹran igbó á sì gbóòórùn rẹ̀ láti òkèèrè. Ti àwọn ará Goro, ìlú ìyá mi, ló dára jù. Wọ́n á fi omi iyọ̀ ra irin náà, wọ́n á jẹ́ kó dípẹtà díẹ̀, wọ́n á da omi gbígbóná sí i, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, títí ara rẹ̀ á fi pọ́n bí èèpo kajú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi òrí pa á. Ìpẹtà tuntun kì í ráyè wọlé mọ́, nítorí ti àkọ́kọ́ ti jókòó síbẹ̀.

Bàbá mi fi wọ́n ṣẹ̀sín. "Ẹ wo àwọn tó ń fi ìpẹtà lé ìpẹtà!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kun ọkọ̀ ojú irin fún un ní ọ̀dà fàdákà. Ó kun ìbọn rẹ̀ láti ẹnu dé ìdí, ó ń tàn bíi dígí. Ó gbé e káàkiri àdúgbò: "Ẹ wá wò ó! Òjò máa rọ̀ títí, á sú òjò!"

Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ tán nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ láti Goro pé bàbá ìyá mi kú. Ọdẹ ni bàbá àgbà náà. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ ọmọ tó bá jẹ́ ọdẹ gbọ́dọ̀ fi ìbọn ara rẹ̀ yẹ́ òkú àna rẹ̀ sí. Tí kò bá ṣe é dáadáa, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣẹ̀sín nílé bàbá rẹ̀ títí ayé. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi yanrìn ha nǹkan yìí kúrò."

"Kí wọ́n lè rò pé tálákà lo fẹ́?"

Nígbà tí a dé Goro, bàbá mi yin ìbọn rẹ̀, ó dún, wọ́n kí i. Ó tún yìn ín, ó tún yìn ín. Ó dáa, irin gbóná. Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń rú èéfín, ó ń rùn, ó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òógùn bò ó, ó sì fi ọwọ́ yẹn nu ojú. Nígbà tó gbé orí sókè, iwájú orí, imú, irùngbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ti di fàdákà.

Obìnrin ilé kan tó ń sunkún tẹ́lẹ̀ figbe ta: "Yéè! Ẹ wá wo àna wa, ó ti di ṣíbí fàdákà àlejò!"

Ẹlòmíràn ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, kò tíì gbẹ!"

Ẹ̀rín gba gbogbo agbo. Ìyá mi dìde láàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ọkọ rẹ̀. Ọ̀dà náà kò kúrò, ńṣe ló ń tàn kálẹ̀ sí i. Òkú bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá. Èmi ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin wọlé, ó gbé ìbọn olóògbé jáde, èyí tó pọ́n dáadáa. "Àna, ẹ gba èyí, ẹ parí ohun tí ẹ bá wá." Bàbá mi gbà á, tòun ti ojú fàdákà rẹ̀, ó yìn ín. Ó dún kíkankíkan, àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé òkú ló yin ìbọn fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lójú ọ̀nà ilé, ìyá mi ní, "Ẹ sọ nǹkan, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò fi ohunkóhun ṣe fáàrí mọ́ títí ó fi kú. Ní ti ìyá mi, kò sí ìgbà tó lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ tí wọn ò ní bi í pé, "Ṣíbí wa ńkọ́?"

Ayé ti yàtọ̀ lónìí. Ìbọn ń fẹ́ ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀rọ orin tí à ń pè ní sono ni wọ́n ń gbé lọ síbi òkú. Ọ̀dà tí iná kì í ràn ti wà lọ́jà, òun lẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fi ń kun àlùpùpù yín láwọ̀ wúrà, kò sì sí ẹni tó ń fi yín rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ mi, ó ní, "Papa, nítorí ọ̀dà lásán?" Àwọn tó rẹ́rìn-ín ti kú tán, ìyá mi náà ti lọ. Èmi nìkan ni ojú ṣì ń tì.