Ẹsẹ̀ Tí Mo Gbé Wọ Ilé Àna Mi

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí bàbá ìyàwó mi fẹ́ràn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Kì í ṣe ìkórìíra ló ń sọ ọ́, mo kàn fẹ́ kó wà nílẹ̀ kí n tó ròyìn ohun tójú mi rí. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn máa ń dúró bí àwọn tó ń retí kèké ní Ajah: kálukú ń wo apá ibi tí ẹnì kejì ń wò, bọ́ọ̀lù á sì gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó wọ nọ́ńbà mẹ́fà, tó yẹ kó máa dá bọ́ọ̀lù dúró láàárín, ìrìn fàájì ló máa ń rìn kiri. Kóòṣì wọn á wá ká ọwọ́ mọ́ àyà, á máa mi orí bíi pé àlejò lòun náà. Mo ti fi ẹgbẹ́ yẹn gbá bọ́ọ̀lù inú géèmù rí, mo sì borí, nítorí pé nínú géèmù, èèyàn lè yọ ẹni tí kò wúlò kúrò láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi ni wọ́n ń dá lẹ́bi fún gbogbo góòlù tó ń wọlé ẹgbẹ́ yẹn. Èmi tí mò ń gbé Ajah, tí mi ò dé ìlú òyìnbó rí, tí orúnkún mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sáré bá kèké.

Ilé sinimá kan ní Lẹ́kkí ni mo ti pàdé ìyàwó mi. Fíìmù òyìnbó ni wọ́n ń fi hàn wá. Ọkùnrin kan já bọ́ láti orí ilé gíga, ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ ẹ̀ nù, ó tún ń sáré lọ. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé, ó ní, "Ní sáìtì tó wà ládùúgbò wa, orí àkàbà lásán ni bíríkìlà kan ti já bọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ṣì wà lọ́sibítù." Mo yí ojú sí i. Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, fíìmù ni à ń fi ṣe ẹlẹ́yà kiri. A ò dá ti Yorùbá sí. Ilé kan náà ní Lẹ́kkí ni gbogbo olówó inú fíìmù wa ń gbé, àga kan náà, àtẹ̀gùn kan náà tí wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí. Ìyàwó ilé á lọ sùn pẹ̀lú àtíkè àti irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá, á jí pẹ̀lú ẹ̀, kò sì ní í sí ipin lójú ẹ̀. Bí a bá ti rí àga yẹn báyìí, àwa méjèèjì á kí i bí ẹni kí ará ilé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa di ti ìgbéyàwó, ó ní kí n wá rí bàbá òun ní Thomas Estate. Dádì ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wọn. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ wọn ṣe fún mi: "Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa bọ́ọ̀lù, sọ pé o kì í wò ó. Mo mọ ẹnu ẹ." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti pèsè irọ́ náà sílẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Sátidé ni mo débẹ̀. Ẹgbẹ́ Dádì ti jẹ góòlù méjì, àwọn kejì ò tíì jẹ ọ̀kan. Inú pálọ̀ ń dùn yùngbà. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ojú mi ṣì wà nínú kápẹ́ẹ̀tì tí mo fi gbọ́ tí Dádì ní, "Áà." Àwọn kejì ti dá ọ̀kan padà. Mọ́mì gbé omi fún mi, ìkejì wọlé. Wọ́n gbé míìtìpáì fún mi, mi ò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí ìkẹta fi wọlé. Mo gbójú sókè pé kí n bá wọn kẹ́dùn. Dádì ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń wò.

"Iṣẹ́ wo lo ní ò ń ṣe?" wọ́n bi mí.

"Ìnṣọ́ránsì ni mò ń tà, sà. Ní Phase 1."

Dádì mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ìnṣọ́ránsì. Jàǹbá lo wá ń gbé kiri ojúlé yìí."

Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré, mo sì rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Dádì jẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n á sì máa pariwo pé onígbàgbọ́ ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ẹsẹ̀ burúkú tàbí ẹyẹ tó ké lóru. Lọ́jọ́ Sátidé, fìlà kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé, wọn kì í sì í fọ̀ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ wọn bá ṣì ń borí. Mọ́mì nìkan ló gbọ́dọ̀ tan dẹ́kódà. Kálukú ní àga tiẹ̀, bó ṣe wà ní ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá ti jẹ góòlù, ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n pàápàá ò gbọ́dọ̀ dìde. Pè é ní ìgbàgbọ́ asán, Dádì á ní rárá, ètò ni.

Nígbà tí mo tún máa lọ, mo fọgbọ́n ṣe é. Mo mú ọjọ́ tí kò sí bọ́ọ̀lù rárá. Bí mo ṣe wọlé, Dádì ń wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá lọ́jọ́ tó ṣáájú, tí ẹgbẹ́ wọn ti borí. Wọ́n rí mi, wọ́n sáré gbé rìmóòtù, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

Mo ní, "Dádì, ṣebí wọ́n ti gbá a tán, sà."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká kàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Àbúrò ìyàwó mi ṣàánú mi, ó ní kí n wá ká gbá géèmù ní yàrá òun. Mo mú ẹgbẹ́ Dádì, mo sì na ọmọ náà bí ẹni na aṣọ òfì. Mo pariwo kí wọ́n lè gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Dádì yọjú sí wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ọwọ́ wa. "Àtàǹpàkò lẹ fi ń gbá ìyẹn," ni wọ́n sọ, wọ́n sì padà sísàlẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ wọn pè mí pé ká pàdé nídìí àgbàdo sísun ní Ajah. Ojú ẹ̀ ti wú. Dádì ti bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni mí, mo gbọ́n, mo mọ̀wàá hù, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá wọlé tí ire di ibi kó tó mu omi tán, kí lẹ́sẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fà wọ ilé ọkọ ọmọ àwọn? Wọ́n ní kó ṣì ní sùúrù ná. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sùúrù lẹ́nu àgbàlagbà. Ó túmọ̀ sí pé kó wá ẹlòmíràn.

Inú bí mi gan-an. Ká ní wọ́n sọ pé owó mi ò tó, tàbí pé ilé mi kéré, mo lè wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ta ló lè lọ ra ẹsẹ̀ míì? Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí, ó sì ń bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ọkùnrin tó wọ nọ́ńbà mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, fóònù mi dún. Dádì fúnra wọn ni. Ohùn wọn rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan wà ní Lẹ́kkí Phase 1, kí n jọ̀ọ́ lọ bá àwọn kí i ní ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin.

"Ṣé nǹkan wà tí ẹ fẹ́ kí n gbé fún wọn, sà?"

"Rárá o. Ṣáà ti wọlé. Kí o jókòó dáadáa. Má kánjú jáde."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Aago mẹ́rin Sátidé ni ẹgbẹ́ Dádì máa pàdé ẹgbẹ́ aláṣọ búlúù tí wọ́n ti jọ ń bínú síra wọn tipẹ́, ẹgbẹ́ aláṣọ búlúù náà sì ni ọ̀rẹ́ yìí fẹ́ràn. Dádì fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi ránṣẹ́. Nígbà tí mo sọ fún ọmọ wọn, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú ẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n lọ.

Mo lọ. Bàbá náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fi mí sórí àga tó dára jù nínú pálọ̀ ẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé asun fún mi, ó ń bi mí léèrè àlàáfíà ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mò ń jẹ asun, ẹgbẹ́ ẹ̀ ń jẹ ìyà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n fi ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn sí ẹ̀yìn, ọmọdé tó ń gbá géèmù pàápàá sì mọ̀ pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìkẹrin wọlé, mò ń retí kí ó wo bàtà mi. Kò wò ó. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Kóòṣì wa ni. Kò mọ ohun tó ń ṣe." Ó wá ní kí wọ́n di asun tó kù fún mi lọ sílé.

Fóònù mi dún kí rẹfirí tó fọn fèrè. "O ṣé, ọmọ mi," ni Dádì wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. "Má tíì dìde o. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí n mú àwọn ènìyàn mi wá. Wọ́n yẹ ètò bọ́ọ̀lù wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n fún mi ní ọmọ, ṣùgbọ́n wọn ò fún mi ní àga. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, tí mo bá gbé ìyàwó mi dé Thomas Estate, fàráńdà ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, tí mo ń fi fóònù wò ó. Ti orí fóònù máa ń pẹ́ dé. Màá ti gbọ́ ariwo góòlù nínú pálọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ gólì lọ́dọ̀ tèmi. Mo máa ń kọ̀wé sí ìyàwó mi lórí Wáàsáàpù pé kóòṣì yìí ò dáa, kí wọ́n yọ nọ́ńbà mẹ́fà yẹn. Òun á sọ ọ́ sókè, Dádì á ní, "Ẹ gbọ́ ọmọ mi. Ó mọ bọ́ọ̀lù." Ó dùn mí. Mo máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ tí mo bá délé, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Lẹ́yìn náà la bí ọmọbìnrin wa. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Ní Sátidé kan, ẹgbẹ́ Dádì ti jẹ góòlù kan, gbogbo ilé jókòó sí àyè wọn. Ọmọ náà já ara ẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi ní fàráńdà, ó gba ilé ìdáná kọjá, ó gbé ẹsẹ̀ wọ pálọ̀. Mo gbọ́ "áà." Kó tó rìn dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà ẹ̀, ìkejì wọlé. Ó gun itan wọn, ìkẹta wọlé.

Mọ́mì ń wo Dádì. Ìyàwó mi ń wò mí láti inú, èmi náà ń wò ó láti ìta. Tèmi ti mọ́ mi lára, ṣùgbọ́n mi ò ní í gbà kí wọ́n pe ọmọ mi ní ẹlẹ́sẹ̀ burúkú. Mo ti dìde, mo ti wọ bàtà, pé kí n wọlé gbé e, ká máa lọ ilé wa, ká má sì padà wá mọ́.

Dádì wo ẹsẹ̀ ọmọ náà lórí itan wọn. Wọ́n dì í mú, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu erùpẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n wá gbójú sókè sí tẹlifíṣọ̀n.

"Kóòṣì yìí ò dáa," ni wọ́n wí. "Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Àti nọ́ńbà mẹ́fà yẹn."

Ara tù mí. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi: kí ló dé tí wọn ò dá kóòṣì lẹ́bi nígbà tèmi? Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo gba ilé ìdáná kọjá pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mo dúró sáàárín pálọ̀ wọn lójú bọ́ọ̀lù.

"Dádì," mo ní, "mo fẹ́ jókòó, sà."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n. "Ó ṣáà ti bàjẹ́ tán," ni wọ́n wí. "Jókòó."

Mo jókòó. Kí ìdí mi tó mú àga dáadáa, nọ́ńbà mẹ́fà yẹn kàn gbá bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn, ó sì wọlé. Pálọ̀ hó. Dádì fò dìde, wọ́n gbé ọmọ mi sókè dé ibi fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, wọ́n ń fi í han gbogbo ènìyàn.

"Ẹ ò rí nǹkan?" ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí mà dáa o."